Bátìrì Ruby: bí mo ṣe ṣe alárinà fún ẹja kan kó tó di Milotic

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sán

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé e wá nínú ọ̀rá. Ó ní inú ìdì bàtà òkìrìkà ni wọ́n ti bá a, pé ẹni tó ń ta bàtà náà kò mọ ohun tó jẹ́, ló bá fi lé òun lọ́wọ́ ní 3,000 náírà. Game Boy Advance SP ni, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, èyí tó ń pa dé bí ìwé, tí Nintendo gbé jáde ní 2003. Káséẹ̀tì kan ṣì wà nínú rẹ̀: Pokémon Ruby, géèmù tí wọ́n ti ń mú ẹ̀dá oríṣiríṣi, tí wọ́n ń tọ́ wọn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n jà. Pupa ni káséẹ̀tì náà, èèyàn ń rí inú rẹ̀ bí ẹni ń wo iná láti ẹ̀yìn ìgò sóbò.

"Bọ̀dá, kò tàn."

"O bi ẹni tó tà á bóyá ó ń tàn?"

"Mi ò bi wọ́n, sà."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láàárín àwọn ọmọ LAUTECH tí ojú fóònù wọn ń fọ́ lójoojúmọ́. Géèmù kì í ṣe oúnjẹ mi. Mo ní kó fi sílẹ̀, pé màá wò ó tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Ọwọ́ mi kò dilẹ̀, ṣùgbọ́n mo wò ó.

Mo tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó di ojú bátìrì mú. Bátìrì ti wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo. 3.7V, 600 mAh ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ìwé ìrántí lásán nìyẹn báyìí. Mo rọra yọ ọ́, mo sin ín sínú agolo iyẹ̀pẹ̀ tí mo máa ń kó irú wọn sí. Ẹ má tẹ bátìrì tó bá wú o, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sí àkìtàn tí wọ́n máa dáná sun.

Mo gbé waya láti ara power supply mi, mo fi 3.7V sí ojú bátìrì náà. Mo tan án. Iná ewé tàn, ó kú. Mo mi suwíìṣì díẹ̀, ó tún tàn, ó tún kú. Ó tì, kì í ṣe pátákó inú ló kú, ìdọ̀tí suwíìṣì ni. Ohun tó wá dá mi dúró ni nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, bí àmì Y, àwọn Nintendo kò fẹ́ kí irú wa ṣí i. Mo mú sukudíráfà pẹlẹbẹ kékeré kan, mo fi fáìlì rẹ́ ẹnu rẹ̀ títí tó fi wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀tì kan ti jẹra, ìyẹn gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú àti èébú díẹ̀.

Mo da sípírítì sí suwíìṣì, mo tì í lọ tì í bọ̀ bí ogójì ìgbà. Omi dúdú jáde. Mo tan án, ó dúró. Mo wá bátìrì kékeré kan tó bá àyè náà mu, 3.7V náà ni, mo gbé pátákó kékeré tó ń dáàbò bo bátìrì àtijọ́ kọjá sára rẹ̀. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé dáadáa, mo fi téèpù dúdú lé e. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ ya fọ́tò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ọmọ náà dé láti ilé ìwé, a tan án, orin kékeré rẹ̀ dún, ọ̀rọ̀ kan sì jáde kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀: bátìrì inú ti gbẹ, ẹ lè máa gbá a lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bá ń tẹ̀lé aago kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá, Bọ̀dá. Ó ń ṣiṣẹ́ náà."

Lóòótọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ni káséẹ̀tì náà tẹ́lẹ̀, ọmọ òkè òkun kan tí mi ò ní mọ̀ láéláé, ti gbá a fún wákàtí 214. Gbogbo ohun tó kó jọ ṣì wà níbẹ̀: owó, àpò, àwọn ẹ̀dá inú àpótí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣí àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó jogún ilé, àfi bó ṣe pariwo.

"Feebas! Ó ní Feebas!"

Mo wò ó. Ẹja burúkú kan, àwọ̀ amọ̀, lẹbẹ rẹ̀ ya, ètè rẹ̀ wú bí ti ẹni tí oyin ta. Mo ní kí la fẹ́ fi èyí ṣe? Ó ní èyí ló máa ń di Milotic. Ó fi Milotic hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ẹ̀dá omi gígùn tó rẹwà, ìrù rẹ̀ ń tàn búlúù àti pupa bí òṣùmàrè. Ó ti wo fídíò rẹ̀ lórí YouTube, ó mọ ọ̀nà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti fi áyọ̀nù sílẹ̀ tí mo jókòó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá tó kù, tí wọ́n bá ti jà títí wọ́n á dé ìpele kan, wọ́n á para dà. Magikarp náà ẹja yẹpẹrẹ ni, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ìpele 20, ó di Gyarados, ó parí. Feebas kò gbọ́ èdè ìpele. Nínú Ruby, ó ní láti kọ́kọ́ lẹ́wà. Ẹwà yẹn, géèmù ń kà á ní nọ́ńbà, ó sì gbọ́dọ̀ pé 170, lẹ́yìn náà ni kó tó wá gòkè ní ìpele kan ṣoṣo. Ẹwà kì í sì í ṣàdédé wá, oúnjẹ ló ń mú un wá: midinmíìdìn tí wọ́n ń pè ní Pokéblock, aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n fi èso tó ń gbẹ èèyàn lẹ́nu bí obì ṣe. Èso máa ń hù nínú ilẹ̀. Kó tó hù, aago gbọ́dọ̀ máa rìn. Kí aago tó rìn, bátìrì inú káséẹ̀tì gbọ́dọ̀ yè.

Nítorí náà bátìrì tó tóbi bí bọ́tìnì ẹ̀wù ló jókòó sáàárín ẹja yìí àti ẹwà rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń tú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé irú ẹ̀sùn yìí wá fún mi rí.

Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣe géèmù yìí ti ń ṣe é tipẹ́. Nígbà tí Red àti Green, àwọn géèmù Pokémon àkọ́kọ́, jáde ní Jàpáánù ní 1996, Haunter kò lè di Gengar àyàfi tí wọ́n bá fi waya so Game Boy méjì pọ̀, kí olówó rẹ̀ sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹlòmíràn. Kadabra, Machoke àti Graveler náà bẹ́ẹ̀. Waya kan já, ẹ̀dá mẹ́rin kò dàgbà nìyẹn. Nígbà tó di 2013, nínú géèmù Pokémon X àti Y, wọ́n gbé Inkay dé: ó lè dé ìpele 30, ó lè kọjá rẹ̀, kò ní di Malamar àyàfi tí o bá dorí 3DS, ẹ̀rọ géèmù Nintendo ìgbà náà, kodò ní àkókò tó ń gòkè ní ìpele náà. Ohun kékeré kan wà nínú 3DS tó ń mọ̀ bí wọ́n bá yí i. Tí ìyẹn bá kú, Inkay á wà ní ọmọdé títí. Ẹ fojú inú wo oníbàárà tó wọlé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹran mi kò dàgbà," tí èmi náà sì mú mítà.

Mo sọ fún ọmọ náà pé màá wá bátìrì.

Ọjọ́rú

Nọ́ọ̀tì kan ló di káséẹ̀tì náà pọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ni, sukudíráfà tí mo rẹ́ ṣì wúlò. Mo ṣí i. CR1616 ni bátìrì rẹ̀, 3V. Mo fi mítà sí i: 0.7V. Ó ti lọ.

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn mi, kò mí dáadáa. "Tí ẹ bá yọ ọ́, ṣé gbogbo nǹkan wọn ò ní parẹ́?"

Ìbéèrè gidi ni, nítorí mo ti jẹ gbèsè rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ẹnìkan gbé káséẹ̀tì Pokémon Gold wá pé aago rẹ̀ ń ṣe ségesège. Mo yọ bátìrì náà fàì, mo fi tuntun sí i, inú mi dùn. Nínú Gold àti Silver, bátìrì kan náà ló gbé aago àti ìrántí lọ́wọ́, o yọ ọ́, gbogbo ohun tí èèyàn ti ṣe á wọlé sínú òfìfo. Oníbàárà náà kò pariwo. Ó kàn wo ojú sikíìnì pẹ́. Ọ̀gá mi ló pariwo.

Ruby kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ohun tí kò nílò iná ni wọ́n kọ ìrántí rẹ̀ sí, aago nìkan ló gbára lé bátìrì. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Kò fọkàn balẹ̀.

Ní Tákìé, lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo rí CR1616 rà. Inú rímóòtì mọ́tò ni wọ́n máa ń fi í sí. Kò ní ẹsẹ̀ irin o, èyí tí wọ́n ń lò nínú káséẹ̀tì ní ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ti jó mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú áyọ̀nù, NEPA mú iná lọ.

A jókòó. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, tèmi kò ní epo. Ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìparadà tó yani lẹ́nu fún mi, èmi náà sì ń dá a lóhùn.

Remoraid, ó ní, ẹja ni, ní ìpele 25 ó di Octillery, ẹ̀dá olọ́wọ́ mẹ́jọ. Mo ní ẹja kì í di olọ́wọ́ mẹ́jọ. Ó ní ẹ wò ó dáadáa, Bọ̀dá, ìbọn ìléwọ́ ni Remoraid jọ, ẹnu Octillery sì rí bí ẹnu àgbá. Mo wò ó, ó jọ ọ́ lóòótọ́. Síbẹ̀ mi ò gbà. Kí ìbọn kékeré di ìbọn ńlá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹja tó wà lójú yẹn ńkọ́, ta ló pa á?

Wurmple ni mo gbà láìjiyàn. Kòkòrò kékeré ni, ní ìpele 7 ó máa ń wọ inú ẹ̀wù òwú, ó lè di Silcoon, tó ń jáde bíi labalábá tó rẹwà, ó sì lè di Cascoon, tó ń jáde bí èyí tó ń fò lóru, tó sì ní oró. O kò lè yan fún un. Oúnjẹ kò yí i, ìjà kò yí i. Nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tí ojú kò rí, tí wọ́n ti fún un láti ọjọ́ tó ti fara hàn, òun ló pín in. Mo ní èyí kò ṣàjèjì sí wa rárá, àkúnlẹ̀yàn ni. Ó ní kí nìyẹn? Mo sọ fún un pé kó lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà.

Èyí tó mú mi dákẹ́ ni Nincada. Ó ń gbé inú ilẹ̀, ní ìpele 20 ó hu ìyẹ́, ó di Ninjask, ó sì fò. Èyí kò yàtọ̀ sí ikán tó ń hu ìyẹ́ tí òjò bá ti rọ̀, tí wọ́n á máa yí gílóòbù ká, táwọn ọmọ á máa fi omi inú báàsì mú wọn. Ṣùgbọ́n tí àyè kan bá ṣófo láàárín àwọn ẹ̀dá mẹ́fà tí o kó dání, èèpo tí Nincada bọ́ sílẹ̀ máa dìde, á di ẹ̀dá tirẹ̀: Shedinja. Òfìfo ni inú rẹ̀. Ẹ̀mí kan péré ló ní, nọ́ńbà 1, kò lè pé 2 láéláé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìkọlù kì í ràn án, àfi èyí tó bá jẹ́ ọ̀tá irú rẹ̀ gan-an. Géèmù kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. O kàn ṣí àpò rẹ ní ọjọ́ kan, o bá àlejò.

Mo rántí ìtàn Ọya tí wọ́n ń sọ fún wa ní Ọ̀yọ́, bí ọdẹ ṣe rí i tí ẹfọ̀n bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tó di obìnrin, tó gba ọjà lọ, tí ọdẹ sì gbé awọ náà pa mọ́ sí àjà. Nínú ìtàn yẹn, ibi tí awọ wà ni agbára wà. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Tí awọ yẹn náà bá dìde ńkọ́?" Mi ò tíì rí èsì.

Iná dé ní agogo mẹ́jọ. Nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, mo fẹ́ tètè ṣe é: mo yí ẹsẹ̀ irin àtijọ́ kúrò lára bátìrì tó kú, mo fi wọ́n sí ara tuntun, mo fi téèpù dì wọ́n. Mo tan géèmù, ọ̀rọ̀ bátìrì gbígbẹ kò jáde. Mo kí ara mi. Ọmọ náà gba ẹ̀rọ, ó jù ú sínú báàgì ìwé, ó ń lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀

Ó gbé e padà wá. Ọ̀rọ̀ bátìrì gbígbẹ tún ti jáde.

Mo mọ̀ ọ́n. Téèpù kì í ṣe iṣẹ́, ìwà ọ̀lẹ ni. Ó kan báàgì, ẹsẹ̀ irin mì, iná já. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi sáńpépà rẹ́ ojú bátìrì níbi tí mo fẹ́ jó, kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un, mo fi páásítì díẹ̀ sí i, mo gbé áyọ̀nù gbígbóná kàn án, mo ka ẹyọ ení, èjì, mo gbé e kúrò. Ẹ má gbé áyọ̀nù dúró lórí bátìrì o. Ooru á pa á kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lè bú. Ẹ̀gbẹ́ kan, mo dúró kó tutù, ẹ̀gbẹ́ kejì. Mítà: 3.1V lórí pátákó. Mo gbọn káséẹ̀tì náà bí ẹni gbọn ìṣáná. Ó dúró.

Ọmọ náà gbin Chesto kan, èso tó yẹ kó pọ́n láàárín wákàtí 12, ó bu omi rin ín, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ẹtì

Chesto kò hù. Ilẹ̀ tó fi í sí, ilẹ̀ ló ṣì wà.

Mo kọ́kọ́ fura sí àìsàn kan tó wà lára àwọn káséẹ̀tì àkọ́kọ́ ti Ruby àti Sapphire, ìkejì rẹ̀: tí wọ́n bá ti gbá a fún nǹkan bí ọdún kan, ìṣirò ọjọ́ rẹ̀ á dàrú, á ṣe bí ẹni padà sẹ́yìn, èso á sì dúró sójú kan fún ọdún kan mìíràn. Ó lè wà níbẹ̀, mi ò mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn ju ìyẹn lọ ti tó láti dá a dúró. Aago tó gba bátìrì tuntun kò mọ ọjọ́ òní. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2000. Géèmù ní tirẹ̀ ti kọ ọjọ́ tí èso hù gbẹ̀yìn sínú ìrántí rẹ̀, nígbà tí bátìrì ọmọ òkè òkun yẹn ṣì yè. Ó wo aago, ó wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé àná ni aago ń sọ, kò sì sí èso tó ń hù sẹ́yìn. Títí aago yóò fi lé ọjọ́ yẹn bá, kò ní sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí èèyàn pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun. Mo sọ ọ́. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé mo ní kí a ta ilé bàbá rẹ̀.

"Bọ̀dá, gbogbo nǹkan wọn ńkọ́?"

"Wọn", ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Nígbà tó yá, mo ronú nípa aago tó dúró yẹn láti òdìkejì. Tí èso kò bá lè hù, kò lè jẹrà náà. Èso tó bá pọ́n nínú géèmù yìí, tí ẹnikẹ́ni kò bá ká a, ó máa ń já bọ́, igi rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n tí aago bá kú ní ọjọ́ tó pọ́n, ó ti pọ́n nìyẹn. Mo ní kó rìn káàkiri, kó lọ wo gbogbo ibi tí wọ́n ń gbin èso sí.

Ó rìn. Ní Route 123, ọ̀nà kan nínú géèmù náà, nítòsí ilé àgbà tí wọ́n ń pè ní Berry Master, igi mẹ́ta dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, èso kún orí wọn. Pamtre ni, èso tí adùn rẹ̀ ń gbẹ lẹ́nu jù nínú àwọn tí a rí. Ẹni yẹn ló gbìn wọ́n, ó sì dájú pé nítorí Feebas ni. Bátìrì gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó padà wá ká a. Àwọn èso náà dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi la òkun kọjá nínú ìdì bàtà.

Ọmọ náà ká a. Pẹ̀lú èyí tó wà nínú àpò, ó pé mọ́kànlá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ó lọ sí Lilycove, ìlú kan nínú géèmù náà, láti po èso. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí, o máa tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá dé iwájú rẹ gẹ́lẹ́, bí o bá ṣe mọ̀ ọ́n tó ni midinmíìdìn rẹ á ṣe dára tó. Ọwọ́ ọmọ náà yá ju tèmi lọ. Àkọ́kọ́ jáde, búlúù. Ó gbé e fún Feebas.

Feebas kọ̀. Géèmù ní kò ní jẹun mọ́.

A ṣí àwòrán onígun márùn-ún tó ń fi ìwà wọn hàn. Ẹ̀gbẹ́ ẹwà yọ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọgbọ́n ló gùn jáde bí imú ìgò. Ikùn rẹ̀ ti kún. Ohun tí wọ́n ń pè ní dídán wà lára ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, gbogbo oúnjẹ ló ń fi kún un, tó bá ti pé 255, ẹnu pa dé títí láé. Ọmọ òkè òkun yẹn ti bọ́ ọ ní ohun tó rí, láìmọ̀ pé àdánidá rẹ̀ jẹ́ Careful, irú èyí tó fẹ́ràn kíkorò tó sì kórìíra gígbẹ ẹnu. Nígbà tó wá mọ̀, ó ti pẹ́. Ó gbin Pamtre, bóyá fún òmíràn tó fẹ́ lọ mú.

Kò sí àtúnṣe fún èyí, mo sì yára sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì tí mo lè tú.

"Àá mú òmíràn," ọmọ náà ní.

Kí ẹ tó rò pé ìyẹn rọrùn: Feebas kì í gbé ibikíbi nínú Ruby àyàfi odò Route 119, nínú odò gígùn yẹn náà, ojú omi mẹ́fà péré ló wà. Ojú omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ibi tí mẹ́fà náà bọ́ sí, ọ̀rọ̀ àṣà tí àwọn ọmọ ìlú Dewford ń sọ ló ń pinnu rẹ̀. Ẹni tó ronú èyí, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ohun tí ẹja ṣe fún un.

Ó ju ìwọ̀ láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ojú omi kan, ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin, ó sún síwájú. Mo tún fóònù mẹ́fà ṣe. Mo jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi pe fóònù pé ṣé ọmọ òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún, ó pariwo.

Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ Jolly. Mo ti kọ́ ìwọ̀nba tó yẹ kí n mọ̀ nígbà náà: Jolly kórìíra gígbẹ ẹnu. Ó ju ìwọ̀ padà sójú omi kan náà. Èkejì: Modest. Modest fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó bá jẹ nínú rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e.

Ọjọ́ Àìkú

Wọ́n dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wá bá mi nílé. Midinmíìdìn búlúù mẹ́wàá, a bọ́ ọ ní mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a wo àwòrán onígun márùn-ún. Géèmù kò kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ó kàn ya á ni. Mo ní mítà fún fóòtì, mo ní fún áńpíà, mi ò ní fún ẹwà. Mo bá a gbé rúlà sí ojú sikíìnì, òmùgọ̀ ni mo mọ̀ ara mi sí, ṣùgbọ́n mo gbé e. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ẹwà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, ó ní ó tó, kí a fi ẹ̀kẹwàá pa mọ́.

Ìpele 22 ni ẹja náà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kó máa tọ pọ́ún pọ́ún lójú omi àti kó fi ara lu ẹni. Ọmọ náà gbé e síwájú nínú ìjà, ó yára pè é padà, ó jẹ́ kí alágbára bá a jà á. Ìgbà mẹ́ta. Ní ìkẹrin, ó gòkè sí 23.

Ojú sikíìnì dúdú. Iná pupa bátìrì SP tàn. Bátìrì tí mo fi téèpù dì.

Àwa méjèèjì rí i. Mo dìde, mo wá waya ṣájà tí mo gé láti ara USB, mo kì í bọ ihò rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ẹni pé fóònù gómìnà ni. Iná ọsàn tàn, ó ń gba iná. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ẹja burúkú náà ti ń tàn funfun, ó ń gùn, ó ń gùn, lẹ́yìn náà àwọ̀ dé.

Ọmọ náà kò pariwo. Ó tọ́jú géèmù rẹ̀ kíákíá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, bí mo ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó wọ inú àpótí, ó gbé Milotic sí ẹ̀gbẹ́ Feebas ti ẹni yẹn, ó wo àwọn méjèèjì papọ̀.

"Ẹ má jẹ́ ká tú èyí sílẹ̀ o, Bọ̀dá."

"Ta ló ní ká tú u sílẹ̀?"

Iṣẹ́ tó kù: ìlẹ̀kùn bátìrì SP, màá wá rọ́bà gidi fún un. Mo kọ déètì òní àti CR1616 sórí bébà kékeré, mo lẹ̀ ẹ́ sí inú káséẹ̀tì kí n tó dè é, kí ẹni tó bá tún ṣí i lọ́jọ́ mìíràn mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ní Route 123, ọmọ náà ti fi Pamtre kan tó ṣẹ́ kù gbin ojú ilẹ̀ tí wọ́n ti ká. Kò tíì hù. Aago inú Ruby ṣì wà ní oṣù kìíní ọdún 2000.